Ìdánwò agbára sáfà portal wa: 290 ìbéèrè ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ṣé ó ti tó fún Ọjọ́ Ajé?

AkínPortal · Ọjọ́rú, aago 9:12 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi.

Èmi ni mo ń mójú tó portal ilé ẹ̀kọ́ kan tó ní nǹkan bí 6,000 akẹ́kọ̀ọ́. Aago mẹ́wàá àárọ̀ Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni ìforúkọsílẹ̀ kọ́ọ̀sì máa ṣí. Lọ́dún tó kọjá, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí portal fi dákú. Àwọn ọmọ jókòó sí káfè títí ilẹ̀ fi ṣú, àwọn kan sì wọ mọ́tò wá láti ìlú mìíràn torí wọ́n rò pé íntánẹ́ẹ̀tì ilé wọn ni kò dára. Mi ò fẹ́ kí ó tún rí bẹ́ẹ̀.

Sáfà náà rèé: Ubuntu 18.04, CPU méjì, RAM 4 GB, nginx (tó ń gba ìbéèrè wọlé), PHP-FPM (tó ń ṣe ojú-ewé), MySQL (dátábéèsì). Lọ́ndọ̀nù ló wà, Ìbàdàn ni mo ti ń dán an wò láti orí laptop mi. Ab (ApacheBench, irinṣẹ́ tó ń rán ọ̀pọ̀ ìbéèrè sí sáfà lẹ́ẹ̀kan náà) ni mo lò, http lásán ni mo fi ṣe é, lórí ojú-ewé tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń fi nọ́ńbà mátíríìkì wá àkọsílẹ̀ kọ́ọ̀sì rẹ̀.

Ìdánwò kìíní, èèyàn 50 lẹ́ẹ̀kan náà: 38 ìbéèrè ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìpíndọ́gba 1,316 ms (1,000 ms ni ìṣẹ́jú àáyá kan).

Ìdánwò kejì, èèyàn 200: 290 ìbéèrè ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìpíndọ́gba 690 ms. Failed requests 1,310 nínú 10,000.

Bí mo ṣe ń fi kún èrò ni sáfà ń yára sí i. Inú mi dùn sí i, àmọ́ 1,310 tó kùnà yẹn ń kọ mí lóminú. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe sí i kí Ọjọ́ Ajé tó dé?

LékèPHP · Ọjọ́rú, aago 9:40 alẹ́

Akín, o kú iṣẹ́. 290 lórí CPU méjì, ó dára gan-an. Ìdá 13 nínú 100 tó kùnà yẹn, RAM ló máa jẹ́. Gbé e sí 8 GB kí o tún un dán wò. Ohun tí mo ṣe sí tiwa nìyẹn, ó sì gbà.

Ẹ̀gbọ́nSáfà · Ọjọ́rú, aago 10:05 alẹ́

Àbúrò, má tíì ná kọ́bọ̀ kankan. Sáfà tí èrò rẹ̀ di ìlọ́po mẹ́rin tó wá ń yára sí i, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà níbẹ̀ ju èje lọ.

Lẹ gbogbo èsì ìdánwò kejì síbí bó ṣe wà, má yọ nǹkan kan. Document Length ni mo fẹ́ rí jù, àti ìlà Non-2xx (ìdáhùn tí kò ní kóòdù àṣeyọrí) bó bá wà níbẹ̀. Ab kì í kọ ìlà yẹn rárá àyàfi tí ìṣòro bá wà, ìdí nìyí tí ojú ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń fò ó.

AkínPortal · Ọjọ́rú, aago 10:17 alẹ́

Ó rèé, sà:

Document Length: 182 bytes
Concurrency Level: 200
Time taken for tests: 34.5 seconds
Complete requests: 10000
Failed requests: 1310
Non-2xx responses: 8690
50% 218
75% 231
80% 239
90% 3702
95% 3790
99% 4153
100% 4871

Ẹ̀gbọ́nSáfà · Ọjọ́rú, aago 11:02 alẹ́

O ṣeun. Jẹ́ ká jọ kà á.

Bẹ̀rẹ̀ láti 182 bytes. Ojú-ewé tó ní orúkọ ilé ẹ̀kọ́, fọ́ọ̀mù àti tábìlì kọ́ọ̀sì kò lè jẹ́ 182 bytes láéláé. Ojú-ewé 502 Bad Gateway (àṣìṣe tó ń yọ nígbà tí nginx kò rí ìdáhùn gbà lọ́wọ́ PHP) tí nginx orí Ubuntu 18.04 ń kọ fúnra rẹ̀ ló gùn tó bẹ́ẹ̀. Fi curl gbà á láìlo browser, ka àwọn lẹ́tà rẹ̀, ìlà nínú ìlà, wàá bá a ní 182.

Bí ab ṣe ń ṣiṣẹ́ ni pé ìdáhùn tó bá kọ́kọ́ padà dé ọwọ́ rẹ̀ ló máa fi gígùn rẹ̀ ṣe òṣùwọ̀n. Èyíkéyìí tí gígùn rẹ̀ bá yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́, ó ti kọ ọ́ sí Failed. Nínú ìdánwò rẹ, 502 ló kọ́kọ́ dé, torí pé kí sáfà kọ ìbéèrè yá ju kó ṣe é lọ. Ab wá gba 502 gẹ́gẹ́ bí ojú-ewé rẹ gidi, ó sì ka ojú-ewé rẹ gidi sí àṣìṣe. Àwọn 1,310 tó o rò pé wọ́n kùnà, àwọn nìkan ni wọ́n rí ohun tí wọ́n wá. 8,690 yòókù ni sáfà lé padà.

Ẹ̀ẹ̀kejì: pín 1,310 sí ọ̀nà 34.5. Èló ló jẹ́? 38. Wo ìdánwò kìíní, 38 náà ló wà níbẹ̀. Èèyàn 50 ni o, èèyàn 200 ni o, ìbéèrè 38 péré ni sáfà yìí ń parí láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Kò fi ẹyọ kan yára sí i.

Rò ó bí ilé-epo. Pọ́ńpù márùn-ún ló wà, àgbàlá rẹ̀ sì gba mọ́tò 128. Nígbà tí àgbàlá kún, ẹni tó dúró lẹ́nu géètì bẹ̀rẹ̀ sí í dá àwọn mọ́tò padà. Bí o bá dúró sí òpópónà tó o ń ka mọ́tò tó ń kúrò lẹ́nu géètì, wàá rò pé wọ́n ń ta epo bí ẹní ń ta omi, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ mọ́tò tó ń lọ yẹn, kò sí epo nínú wọn.

Márùn-ún àti 128 yẹn, mi ò kàn fẹnu sọ ọ́. Ní 1961 ni John Little fi ẹ̀rí hàn pé iye èèyàn tó wà nínú ìlà jẹ́ iye tó ń dé ní ìṣẹ́jú àáyá kan ní ìlọ́po àkókò tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń lò níbẹ̀. Àwọn tó rí ìdáhùn gidi lo nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 3.7. Yọ ìrìn Ìbàdàn sí Lọ́ndọ̀nù lálọ àtàbọ̀ lẹ́ẹ̀mejì kúrò, èyí tó jẹ́ 0.2, ó ku 3.5. Fi 38 ṣe ìlọ́po rẹ̀, ó jẹ́ 133. Ká ní o kò tíì fọwọ́ kan PHP-FPM rẹ láti ìgbà tó o ti gbé e sórí sáfà, pm.max_children rẹ̀ (iye òṣìṣẹ́ PHP tó lè ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà) á wà ní 5, kernel (ọkàn ètò) Ubuntu 18.04 sì ń fi 128 dé ìlà tó ń dúró. 5 àti 128, 133.

Lọ wo log nginx àti ti PHP-FPM, kí o sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún wa.

LékèPHP · Ọjọ́rú, aago 11:20 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, mo gbà, mo sì mú ọ̀rọ̀ RAM mi kúrò. Ohun kan ṣoṣo ni kò yé mi: ìpíndọ́gba lọ sílẹ̀ láti 1,316 sí 690. Ṣé irọ́ ni ab ń pa ni?

Ẹ̀gbọ́nSáfà · Ọjọ́rú, aago 11:26 alẹ́

Kò parọ́. Wo tábìlì yẹn dáadáa: ìdá 80 nínú 100 ìbéèrè parí láàárín 239 ms, ní 90% ó ti fò sí 3,702. Kò sẹ́ni tó wà láàárín. Àwọn kan gba "rárá" kíákíá, àwọn ìyókù dúró pẹ́ kí wọ́n tó gba "bẹ́ẹ̀ ni". Nínú gbogbo 10,000 yẹn, kò sí ẹnì kan ṣoṣo tó lo 690 ms. Nígbà tí nọ́ńbà bá fò báyìí nínú tábìlì, oríṣi ìdáhùn méjì ló wà nínú àpò kan. Yà wọ́n sọ́tọ̀ kí o tó fi wọ́n ṣe ìpíndọ́gba.

AkínPortal · Ọjọ́bọ̀, aago 7:50 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà. Mi ò fi bẹ́ẹ̀ sùn.

Bí ẹ ṣe wí ló rí. Log PHP-FPM ti ń kọ "server reached pm.max_children setting" láti ọdún tó kọjá. Log nginx kún fún "Resource temporarily unavailable". Iye rẹ̀ nínú fáìlì: 5.

Mo wo PHP kan, nǹkan bí 45 MB ló ń jẹ, nítorí náà mo gbé e sí 20, RAM sì ṣẹ́kù. Mo tún dán an wò pẹ̀lú èèyàn 100. Ìlà Non-2xx ti parẹ́ pátápátá, inú mi dùn. Àmọ́ ẹ wo èyí: 44 ìbéèrè ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìpíndọ́gba 2,273 ms. Mo sọ òṣìṣẹ́ di ìlọ́po mẹ́rin, mẹ́fà péré ni mo rí lé e.

ÌyáDátábéèsì · Ọjọ́bọ̀, aago 8:31 àárọ̀

Akín ọmọ mi, ẹ kú àìsùn. Ìṣirò tí ẹ̀gbọ́n rẹ ṣe lánàá, tún un ṣe lórí àwọn òṣìṣẹ́ PHP nìkan. Nígbà tí wọ́n jẹ́ 5 tí wọ́n ń parí 38, iṣẹ́ kan ń gbà wọ́n ní 132 ms. Ní báyìí tí wọ́n di 20 tí wọ́n ń parí 44, iṣẹ́ kan náà ń gbà wọ́n ní 455 ms. Iṣẹ́ náà kò le sí i, ojú-ewé kan náà ni. Ó túmọ̀ sí pé ohun kan wà tí gbogbo wọn jọ ń dù. O kàn kó ìlà kúrò lẹ́nu ọ̀nà, o tò ó sínú ilé ni.

Jẹ́ kí ìdánwò máa lọ, kí o ṣí top (tó ń fi ohun tó ń jẹ CPU hàn) lórí sáfà. Ta ló ń jẹ CPU? Lẹ́yìn náà mú query (ìbéèrè sí dátábéèsì) ojú-ewé yẹn, fi EXPLAIN síwájú rẹ̀ kí MySQL sọ bó ṣe ń wá a, kí o fi èsì hàn mí.

AkínPortal · Ọjọ́bọ̀, aago 9:15 àárọ̀

Ẹ ṣé mà. mysqld ló ń jẹ ẹ́, ó ń lọ sókè sódò ní nǹkan bí 160%.

EXPLAIN sọ pé: type ALL, possible_keys idx_matric, key NULL, rows 96412.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dojú rú fún mi nìyí. Index (atọ́ka tó ń jẹ́ kó rí ìlà kíákíá) wà lórí matric. Èmi fúnra mi ni mo fi síbẹ̀. MySQL rí i, ó dárúkọ rẹ̀, kò sì lò ó.

ÌyáDátábéèsì · Ọjọ́bọ̀, aago 9:22 àárọ̀

Irú kọ́lọ́ọ̀mù wo ni matric? Báwo sì ni kóòdù ṣe kọ nọ́ńbà náà sínú query, ṣé pẹ̀lú àmì quote ni tàbí láìsí?

AkínPortal · Ọjọ́bọ̀, aago 9:30 àárọ̀

VARCHAR ni, mà. Kóòdù kọ ọ́ báyìí: WHERE matric = 190412. Kò sí quote.

ÌyáDátábéèsì · Ọjọ́bọ̀, aago 9:48 àárọ̀

Ó tán. Ibẹ̀ ló wà.

Ọ̀rọ̀ ni o kó sínú kọ́lọ́ọ̀mù, nọ́ńbà ni o fi ń béèrè. MySQL ní láti sọ gbogbo ọ̀rọ̀ inú kọ́lọ́ọ̀mù di nọ́ńbà kó tó lè fi wọ́n wéra. Ní ojú nọ́ńbà, "190412" àti "0190412" àti èyí tí àlàfo wà níwájú rẹ̀, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Nínú index tí a tò bí ọ̀rọ̀, ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n wà. Kò lè mọ ibi tí yóò lọ tààrà, ló ṣe ń ka 96,412 látòkè délẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan. Ní ìdájí tí ìwọ nìkan ń lò ó, o kò ní mọ̀, torí ó ṣì máa ń yára lójú rẹ.

Fi prepared statement (query tí a kọ sílẹ̀ kí iye tó wọ inú rẹ̀) kọ ọ́, kí o sì so iye náà mọ́ ọn gẹ́gẹ́ bí string, ìyẹn ọ̀rọ̀. Má kàn fi quote sí i lọ́wọ́, torí àwọn olè SQL injection, tí wọ́n ń ti àṣẹ tiwọn bọ inú query. Kí o wá àwọn ojú-ewé yòókù tó ń lo matric, wọ́n ṣeé ṣe kó ní àrùn kan náà.

AkínPortal · Ọjọ́bọ̀, aago 1:05 ọ̀sán

Mà! Ojú-ewé méje ni mo bá a. Mo ti tún gbogbo wọn ṣe. EXPLAIN ti di type ref (ó ti ń lo index), rows 14.

Èèyàn 100: 146 ìbéèrè ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìpíndọ́gba 685 ms. 99% jẹ́ 1,020. Kò sí Non-2xx. Document Length 14,203, mo kọ́kọ́ wo ìyẹn báyìí kí n tó wo nǹkan mìíràn. Láti 38 sí 146, sáfà kan náà, RAM kan náà. Ọlọ́run á bù kún yín.

Alábí_Houston · Ọjọ́bọ̀, aago 6:44 ìrọ̀lẹ́

Iṣẹ́ ńlá lẹ ṣe. Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan kún un kí Akín tó lọ sinmi.

146 yìí, fún ta ni? Jẹ́ ká fi wé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gan-an. 6,000 ọmọ, ká ní ojú-ewé mẹ́rin ni kálukú máa ṣí, tí gbogbo wọn sì dé láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá: ìbéèrè 40 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Lọ́dún tó kọjá 38 lẹ ń parí. Ẹ rí i? Ìlà náà kò lè dínkù láé, ńṣe ni yóò máa gùn títí tó fi dákú. Ká wá ní ìdajì wọn dé láàárín ìṣẹ́jú méjì àkọ́kọ́, ó di 100. Nọ́ńbà tí ẹ gbọ́dọ̀ dán wò nìyẹn.

Ab kò sì lè dán an wò dáadáa, torí pé onísùúrù ni. Kì í rán ìbéèrè tuntun àfi tí ti àtijọ́ bá ti dé. Tí sáfà bá falẹ̀, ab náà á falẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, ìyà tó yẹ kó hàn nínú èsì á sì sá pamọ́. Gil Tene ló pe èyí ní coordinated omission, ó sì ṣe wrk2 torí rẹ̀: ẹ máa sọ iye tó gbọ́dọ̀ rán ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan fún un, yóò sì ka àkókò láti ìgbà tó yẹ kí ìbéèrè náà ti jáde. Èèyàn gidi kì í dúró de sáfà. Níbí ní Amẹ́ríkà, nígbà tí HealthCare.gov (portal ìjọba fún ìbánigbófò ìlera) ṣí ní 1 October 2013, èèyàn mẹ́fà péré ló rí ìforúkọsílẹ̀ parí lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ogunlọ́gọ̀ tó kù ń tẹ̀ ẹ́ lọ́tun-lọ́tun.

Kí o sì kúrò lórí laptop Ìbàdàn. Yá sáfà kékeré kan ní Lọ́ndọ̀nù fún wákàtí méjì, ibẹ̀ ni kí o ti rán an, kí wáyà abẹ́ òkun má bàa dà pọ̀ mọ́ èsì rẹ.

AkínPortal · Ọjọ́ Ẹtì, aago 8:20 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n Alábí, ẹ ṣeun. Wrk2, ìṣẹ́jú márùn-ún fún ìkọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà mátíríìkì tó ń yí padà:

100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan: 50% 24 ms, 99% 190 ms.
140: 50% 310 ms, 99% 2.9 ìṣẹ́jú àáyá.
160: 50% 13 ìṣẹ́jú àáyá, 99% 26.

Ẹ̀rù bà mí nígbà tí mo rí èyí tó kẹ́yìn. Láti 140 sí 160 kò jìnnà rárá.

LékèPHP · Ọjọ́ Ẹtì, aago 8:41 alẹ́

Kí ni ká wá ṣe sí 128 yẹn? Láti kernel 5.4 ni wọ́n ti sọ ọ́ di 4096. Ṣé kí Akín náà gbé e sí 4096 kí 502 má bàa yọjú mọ́?

Ẹ̀gbọ́nSáfà · Ọjọ́ Ẹtì, aago 9:10 alẹ́

Ìbéèrè tó dára. Ṣírò rẹ̀ kí o tó gbé e. Ẹni tó bá wà ní ìparí ìlà 128, pẹ̀lú 146 tó ń parí, kò ní dúró tó ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní ìparí ìlà 4096, yóò dúró fún 28. Ta ló máa dúró fún 28? Á ti tẹ refresh lẹ́ẹ̀mẹta, sáfà á sì máa ṣe iṣẹ́ fún ẹni tó ti lọ. PHP-FPM fúnra rẹ̀ ń béèrè 511, ìyẹn jẹ́ 3.5. Ìyẹn ni mo fara mọ́: jẹ́ kí kernel gba 511, má kọjá rẹ̀.

ÌyáDátábéèsì · Ọjọ́ Ẹtì, aago 9:33 alẹ́

Akín, tí o bá fẹ́ dán àwọn ojú-ewé tó wà lẹ́yìn password wò, má fi kúkì ẹnì kan ṣoṣo rán gbogbo rẹ̀. PHP máa ń ti fáìlì session (àkọsílẹ̀ ẹni tó wọlé) pa fún ìbéèrè kan títí yóò fi parí. Gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ á máa dúró de ara wọn, wàá sì rí èsì burúkú tí kò kan ọmọ kankan. Kúkì 200 ó kéré tán.

AkínPortal · Ọjọ́ Ajé, aago 9:55 alẹ́

Ẹ kú ìrọ̀jú o. Mo ti fi $request_time (àkókò tí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan gbà) sínú log nginx kí ilẹ̀ tó mọ́, nítorí náà ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an ni mo mú wá.

Ìṣẹ́jú tó gbóná jù ni 10:03, ìbéèrè 5,220, ìyẹn 87 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Lórí ojú-ewé mátíríìkì, 99% jẹ́ 0.41. 502: òdo. Àwọn ọmọ ń pe ara wọn pé "ó ti ṣí fún mi o".

Àmọ́ láti 10:40 títí di 11:25, ohun gbogbo falẹ̀, 504 (àṣìṣe pé ìdáhùn pẹ́ jù) sì jẹ́ 214. Ojú-ewé tí wọ́n ti ń tẹ slip jáde ní PDF ni. Mi ò dán an wò rárá, mo rò pé wọn ò ní tẹ̀ ẹ́ títí di alẹ́. Slip kan ń gba CPU kan fún 2.8 ìṣẹ́jú àáyá. Mo yà á sí pool (agbo òṣìṣẹ́ PHP) tirẹ̀ tó ní òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo, kó má bàa jẹ ti àwọn tó kù, ìgbà náà ni gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀. Àwọn 4,118 ti parí ìforúkọsílẹ̀ di àṣálẹ́ yìí, àmọ́ ìlà slip ṣì gùn.

ÌyáDátábéèsì · Ọjọ́ Ajé, aago 10:08 alẹ́

Ẹ kú oríire, ọmọ mi. 2.8 pọ̀ jù fún ìwé kan. Lógò tó wà lórí slip náà, irú fáìlì wo ni, ó sì tóbi tó báwo?

AkínPortal · Ọjọ́ Ajé, aago 10:31 alẹ́

PNG tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣófo, 3000 lọ́nà 3000. PDF náà ń yẹ gbogbo àmì inú rẹ̀ wò níkọ̀ọ̀kan, fún slip kọ̀ọ̀kan. Mo ti sọ ọ́ di JPEG kékeré, 300 lọ́nà 300. Ó ti di 0.3. Mo ń gbé wrk2 lé e báyìí, 10 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìṣẹ́jú márùn-ún. Màá kọ èsì rẹ̀ síbí kí n tó sùn.